Ọmọ tí wọ́n ní orí ẹ̀ ò gbàwé: kí ni tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní ká lọ ṣe ń wá gan-an?

Ní Èkìtì tiwa yìí, ojú máa ń ti òbí gan-an tí ọmọ ò bá mọ̀wé. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń pè wá, ilẹ̀ àwọn purofẹ́sọ̀, kò sí ìlú tí ẹ máa dé tí wọn ò ní ka orúkọ ọ̀mọ̀wé tó ti ibẹ̀ jáde fún yín. Kí ọmọ wá wà ní praimárì fáìfù kó má tíì lè ka ìlà mẹ́ta láìkọsẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀ wọ́n ti pè é ní olódo, tísà ti nà án títí, ẹnìkan ti ní àwọn ayé ló di orí ẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ìyá àgbà ti wá ìsọ̀yè fún un. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ ò bá yí nǹkan kan padà ni ẹnìkan á wá sọ pé "ẹ lọ bá sàíkọ́lọ́jísìtì kó ṣe àyẹ̀wò fún un", ni bàbá á bá fò dìde pé ọmọ òun ò ya wèrè.

Kò sẹ́ni tó pè é ní wèrè. Ẹni tó kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ni sàíkọ́lọ́jísìtì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni pé òbí gbọ́ tẹ́ẹ̀sì, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ìdánwò ìparí táàmù, èyí tí wọ́n ń pàáàsì tàbí kí wọ́n féèlì. Àwọn òbí tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ní Adó níbí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni "èló ló gbà nínú 100?" Tẹ́ẹ̀sì yìí ò ní pàáàsì, kò ní féèlì. Ohun tí wọ́n ń fi í wá ni ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń há fún ọmọ náà àti ibi tó ti ń lọ geere fún un, kí ẹni tó máa kọ́ ọ lè mọ ohun tó máa ṣe tó bá wọ kíláàsì láàárọ̀ Mọ́ńdè. Tí ripọ́ọ̀tù bá jáde tí kò rí nǹkan kan sọ fún tísà, a jẹ́ pé owó yín ti wọgbó nìyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn o. Ní 1904, ìjọba ilẹ̀ Faransé gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ torí pé gbogbo ọmọ ti gbọ́dọ̀ máa lọ sílé ìwé nígbà yẹn, àwọn kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò yé rárá, wọ́n sì fẹ́ mọ bí wọ́n á ṣe dá wọn mọ̀ kí wọ́n lè fún wọn ní ẹ̀kọ́ tó bá wọn mu, kì í ṣe kí tísà kàn fojú wo ọmọ kó ní òmùgọ̀ ni. Alfred Binet àti Théodore Simon ló ṣe tẹ́ẹ̀sì náà jáde ní 1905. Binet fúnra ẹ̀ ò gbà pé ọgbọ́n ọmọ jẹ́ ohun tí wọ́n dá mọ́ ọn tí kò lè yí padà mọ́, ó máa ń bínú sí àwọn tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé Amẹ́ríkà ló wá di nǹkan míì, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dá èèyàn lẹ́jọ́. Wọ́n bá a débi pé ní 1979, adájọ́ kan ní Califọ́níà ní kí wọ́n yéé fi tẹ́ẹ̀sì ọpọlọ yẹn kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sí kíláàsì àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò pé, torí wọ́n ti pọ̀ jù níbẹ̀, tẹ́ẹ̀sì náà ò sì bá irú ilé tí wọ́n ti wá mu. Torí náà ẹni tó bá ń bẹ̀rù tẹ́ẹ̀sì yìí ò ṣe òmùgọ̀, ìdí wà fún ẹ̀rù ẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni kí ẹ wá, ẹ má tìtorí ẹ̀rù fi ọmọ sílẹ̀.

Kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀ ṣá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ojú àti etí wò ná. Ọmọ tí kò rí bọ́ọ̀dù máa da ìwé kọ, ẹ máa rò pé ó dìídì ṣe é ni. Ọmọ tí etí ẹ̀ ti ń ṣọyún látìgbà tó ti wà ní nọ́sìrì lè má gbọ́ ìyàtọ̀ àárín "t" àti "d" tí tísà ń pè láti iwájú kíláàsì, báwo ló ṣe máa wá kọ ọ́? Ẹ bi ara yín nípa ìlera ẹ̀ àtẹ̀yìnwá náà: ṣé ojú àti ara ẹ̀ pọ́n nígbà tí wọ́n bí i tó sì pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, ṣé ibà ti mú un rí débi tó fi gìrì tàbí tó fi dákú. Ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS lè ní rọpárọsẹ̀ kékeré nínú ọpọlọ tí kò rọ ọ́ lápá tí kò rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, àmọ́ ó máa hàn nínú bó ṣe ń ronú àti bó ṣe ń fọkàn sí nǹkan. Wárápá kan tún wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀, ó kàn máa ranjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún padà bọ̀ sípò, kó tó di ọ̀sán ó lè ti ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tísà á sì máa jágbe mọ́ ọn pé oúnjẹ ló ń rò. Kò sí tẹ́ẹ̀sì ìwé kankan tó máa wo ìyẹn sàn, dókítà ni.

Ìbéèrè míì tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé: ṣé wọ́n kọ́ ọmọ náà lóòótọ́? Tísà kan sí kíláàsì mẹ́ta, ọmọ ń pa ilé ìwé jẹ torí owó tàbí torí oko, wọ́n ti gbé e láti ilé ìwé kan sí òmíì lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ wá ní orí ẹ̀ ò gbàwé. Ìwé kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ṣe, wọ́n ń pè é ní DSM-5, ó jáde ní 2013, àwọn sàíkọ́lọ́jísìtì níbí náà ń lò ó. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n tó lè ní ọmọ ní ìṣòro kíkà, ìkọ̀wé tàbí ìṣirò tó jẹ́ ti bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù 6 tí wọ́n ti ń ràn án lọ́wọ́ lórí nǹkan yẹn gan-an tí kò sì kúrò, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú tàbí etí ló fà á, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọn ò kọ́ ọ dáadáa, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ìwé náà ló tún ní nínú ọmọ ilé ìwé 100, bíi 5 sí 15 ló máa ń ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà yòówù tàbí èdè yòówù kí wọ́n jẹ́. Ẹ wá mú kíláàsì ọmọ 40 ní Ìkéré tàbí Ìjerò, kí ẹ ṣírò ẹ̀, ọmọ 2 sí 6 nìyẹn. Wọn ò ṣọ̀wọ́n rárá, a kàn ń pè wọ́n ní olódo ni.

Ó dáa, kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú yàrá yẹn?

Oríṣi tẹ́ẹ̀sì méjì ni, wọ́n sì máa ń ṣe méjèèjì pọ̀. Èkíní ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, láìwo ti ohun tí wọ́n ti kọ́ nílé ìwé. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni WISC tí David Wechsler kọ́kọ́ gbé jáde ní 1949, ẹ̀dà karùn-ún ẹ̀ jáde ní 2014, ọmọ ọdún 6 sí 16 ni wọ́n ń ṣe é fún. Ọmọ á jókòó ti ẹnìkan ṣoṣo, wọ́n á máa bá a ṣe oríṣiríṣi nǹkan: wọ́n á ní kó fi búlọ́ọ̀kù to àwòrán tó wà níwájú ẹ̀, kó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí, kó wo àwòrán kó mú èyí tó kù nínú ẹ̀, kó ya àmì kéékèèké tẹ̀léra wọn kíá kíá. Wọ́n á pe nọ́ńbà bíi 4, 9, 2, òun náà á pè é tẹ̀ lé wọn, tó bá yá wọ́n á ní kó máa ka tiẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀, 2, 9, 4, nọ́ńbà náà á sì máa gùn sí i. Eléyìí tó jọ eré yìí ṣe pàtàkì gan o. Ohun tó ń wò ni bí ọmọ ṣe lè di nǹkan mú sọ́kàn fúngbà díẹ̀ kó sì tún máa fi ṣiṣẹ́. Ọmọ tí èyí kéré lọ́wọ́ ẹ̀, tí ẹ bá ní "lọ sí yàrá, mú ìwé búlúù, fi sínú báàgì, kó o pa iná tó o bá ń bọ̀", á dé yàrá á dúró sójú kan. Ẹ máa ní olóríkunkun ni, ẹ máa gbá a létí. Ìsọ̀yè ò lè sọ fún tísà pé kó máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ kan lẹ́yìn òmíì, ripọ́ọ̀tù ló máa sọ ọ́.

Oríṣi kejì ń wo ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀: báwo ló ṣe ń kàwé sí, ṣé ohun tó kà ń yé e, báwo ló ṣe ń kọ sípẹ́líǹgì, ìṣirò ńkọ́. Níbí ni wọ́n ti máa ń ní kí ọmọ ka ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé yìí, bí ẹni pé wọ́n kọ "gbilọ̀tu" síwájú ẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn òbí máa ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á ní kí ni ìranù yìí. Àmọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà ti há ìwé kíkà wọn sórí pátápátá, ẹ ṣí pééjì kan fún wọn, wọ́n á kà á bí omi, ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán ibẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ dojú rú. Kò sẹ́ni tó lè há gbilọ̀tu sórí. Tí kò bá lè pè é, a jẹ́ pé lẹ́tà àti ìró ò tíì so pọ̀ nínú orí ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tún lè bi í pé tí a bá yọ "b" kúrò níwájú bàtà, kí ló kù? Ọmọ tó bá ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro kíkà tó jẹ́ ti bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, lè ti pé ọdún mẹ́wàá kó máa wò yín.

Dyslexia yìí ò túmọ̀ sí pé ọmọ ò gbọ́n o. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan ń bá ìyá ẹ̀ tajà ní Ọjà Ọba, ó lè yọ ṣéńjì láìlo kalikulétọ̀, ó mọ kọsítọ́mà tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ, ó lè sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí gbogbo ilé máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ gbé ìwé fún un, omi ojú. Tí wọ́n bá ṣe tẹ́ẹ̀sì méjèèjì fún un, ohun tó máa jáde ni pé òye ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà dáadáa, ìrònú ẹ̀ wà dáadáa, ibi ìró àti lẹ́tà nìkan ló ti lọ sílẹ̀ gan. Ìyàtọ̀ àárín ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀ yẹn lẹ wá wò. Nọ́ńbà àpapọ̀ tí gbogbo èèyàn ń béèrè, òun ló máa ń wúlò kéré jù, torí wọ́n ti po gíga àti rírẹlẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Dyslexia sì máa ń rìn nínú ẹbí, torí náà tí bàbá bá ní "èmi náà ò fẹ́ràn ìwé kíkà nígbà tí mo wà ní kékeré", ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò, ó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọpọlọ fúnra ẹ̀ ló rẹlẹ̀ káàkiri, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, tẹ́ẹ̀sì nìkan ò sì tó fi sọ ọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo bó ṣe ń gbé ìgbé ayé ẹ̀ pẹ̀lú, ṣé ó lè wẹ̀ fúnra ẹ̀, ṣé ẹ lè rán an níṣẹ́ sí àdúgbò kejì, ṣé ó mọ owó. Ọmọ tó ń yọ ṣéńjì lọ́jà, tí ẹnìkan wá fi nọ́ńbà kan lásán ní ọpọlọ ẹ̀ ò pé, ẹ gba ripọ́ọ̀tù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ lọ bá ẹlòmíì. Ti ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ tí ọkàn ẹ̀ kì í dúró, ADHD, kò ní tẹ́ẹ̀sì kan pàtó, fọ́ọ̀mù ni òbí àti tísà máa fi dáhùn ìbéèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ó gbọ́dọ̀ hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 12. Tó bá jẹ́ kíláàsì tísà kan ṣoṣo ló ti ń ya ìpáǹle, ẹ wo tísà yẹn dáadáa ná.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nọ́ńbà, torí ibí ni wọ́n ti ń ṣi ripọ́ọ̀tù kà jù. Mo ti rí òbí tó rí 85 tó ń yọ̀ pé ọmọ òun gba A. Nínú tẹ́ẹ̀sì yìí, 100 kì í ṣe máàkì tó kún, àárín ni. Nínú ọmọ 100 ọlọ́jọ́ orí kan náà, bíi 68 ló máa bọ́ sáàárín 85 sí 115, àwọn tó máa wà lábẹ́ 70 ò ju bíi 2 lọ. Èyí tó tún ń da orí wọn rú ni pàsẹ́ńtáìlì, torí ó jọ pasẹ́ǹtì. Tí wọ́n bá kọ pàsẹ́ńtáìlì 50, kì í ṣe ìdajì máàkì, ohun tó ń sọ ni pé tí ẹ bá to ọmọ 100 ọjọ́ orí ẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, àárín gan-an ló wà, kò ní wàhálà kankan. 85 tí bàbá yẹn ń yọ̀ lé lórí, pàsẹ́ńtáìlì 16 ni, bíi 84 ló wà níwájú ọmọ ẹ̀. Kì í ṣe àjálù, ó ṣì wà létí àárín, àmọ́ kì í ṣe A. Nọ́ńbà yẹn ò sì dúró sójú kan, ripọ́ọ̀tù tó dáa máa kọ ọ́ bíi "láàárín 84 sí 95", torí tí wọ́n bá ṣe é lọ́jọ́ míì ó lè sún díẹ̀. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà kan ṣoṣo gbọnran láìsí àlàyé, ẹ béèrè.

Ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí òbí Èkìtì máa bi sàíkọ́lọ́jísìtì ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé: ọmọ ibo ni ẹ fi ń wọn ọmọ mi? Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ ìlú Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ̀sì yìí, tí wọ́n bá sọ pé "àárín", àárín àwọn yẹn ni. Ọmọ tó ń sọ Èkìtì nílé, tó jẹ́ tísà nìkan ló ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ṣé ọpọlọ ẹ̀ lẹ wọ̀n ni àbí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀? Yorùbá pàápàá, kí ẹni tó ń ṣe é mọ̀ pé "ulé" ni ọmọ Èkìtì ń pe ilé, "uṣu" ló ń pe iṣu, kó má lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ń ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ẹni tó mọṣẹ́ máa lo àwọn tẹ́ẹ̀sì tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ ẹnu, bíi ti Raven tó ti wà láti 1938, àwòrán ni gbogbo ẹ̀, ọmọ á kàn nàka sí èyí tó yẹ kó dí àlàfo. Ìyẹn náà ò bọ́ lọ́wọ́ àṣà pátápátá, àmọ́ ó sàn.

Ohun kan wà tí ẹ lè dán wò fúnra yín: ẹ jẹ́ kí ọmọ ka Yorùbá tó ní àmì ohùn, tí wọ́n bá ti kọ́ ọ ní kíkà Yorùbá. Lẹ́tà Yorùbá kì í tan èèyàn, "b" ni "b" níbi gbogbo, Gẹ̀ẹ́sì ló máa kọ nǹkan kan tí á máa pè é ní nǹkan míì. Tó bá ń ka Yorùbá geere tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń dá a dúró, ọ̀rọ̀ èdè ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń ka Yorùbá náà tó tọ̀nà àmọ́ tó ń fà á bí ìgbín, ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí ní àwọn èdè tí lẹ́tà wọn kì í tanni, bíi ti Ítálì àti Jámánì, bí dyslexia ṣe máa ń hàn nìyẹn, kì í ṣe àṣìṣe púpọ̀, fífà ni. Purofẹ́sọ̀ Babatunde Fafunwa àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970 ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní praimárì fún ọdún 6 gbáko, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìjọba àpapọ̀ tún wá gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ praimárì, wọ́n sì fagi lé e ní Nọ́fẹ́ńbà 2025. Èmi ò fara mọ́ fífagi lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.

Tí ripọ́ọ̀tù bá jáde, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ tó ní ìṣòro kíkà nílò kí wọ́n padà kọ́ ọ ní ìró àti lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ, díẹ̀ díẹ̀, lójoojúmọ́, kì í ṣe kó tún kíláàsì ṣe kí wọ́n tún máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá. Kí wọ́n ka ìbéèrè sí i létí nígbà ìdánwò sáyẹ́ǹsì, kó fi ẹnu dáhùn níbi tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi àkókò kún tiẹ̀, kí wọ́n má pè é síta kó wá kàwé níwájú gbogbo kíláàsì. WAEC ní ètò fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, àmọ́ ìpèníjà tí kò hàn lójú nílò ìwé ẹ̀rí, torí náà kí ilé ìwé ti kọ̀wé béèrè kí rẹjísítréṣọ̀n tó dé. Òfin wà lẹ́yìn yín náà, òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní Jánúárì 2019, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ torí ìpèníjà fi ẹ̀kọ́ du ẹnikẹ́ni.

Níbo lẹ máa lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé yín tó bá wà. Ojú àti etí, ẹ gba ọsibítù ńlá lọ, èyí tó wà ní Adó tàbí tí Ìdó. Yunifásítì FUOYE ní Ọ̀yẹ́ àti EKSU ní Adó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa sàíkọ́lọ́jì, ẹ lọ béèrè níbẹ̀ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò fún ọmọdé, tí kò bá sí lọ́wọ́ wọn wọ́n á júwe yín. Ó lè di Ìbàdàn, ọsibítù UCH wà níbẹ̀, yunifásítì UI náà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà àti ohun tó wà nínú ẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹni tó bá ní òun máa fi ogún ìṣẹ́jú ṣe gbogbo ẹ̀ lórí fóònù, ẹ sá fún un, ọ̀pọ̀ wákàtí ni, wọ́n tiẹ̀ lè pín in sí ọjọ́ méjì.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó ìwé kíláàsì ọmọ dání, èyí tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ, ẹ kó ripọ́ọ̀tù káàdì àwọn ọdún tó ti kọjá àti ìwé ọsibítù. Ẹ má lọ wá ìbéèrè tẹ́ẹ̀sì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ fi máa dá a lẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa bà á jẹ́ ni, wọn ò sì ní lè tún un ṣe kíá. Ẹ sọ fún un pé ẹnìkan fẹ́ wo bó ṣe ń kàwé àti bó ṣe ń ronú, pé àwọn kan máa rọrùn àwọn kan máa le, kò sẹ́ni tó máa nà án. Kó sùn dáadáa, kó jẹun kó tó jáde nílé, tó bá sì jí pẹ̀lú ibà lọ́jọ́ náà, ẹ pè wọ́n kí wọ́n sún un sí ọjọ́ míì.